Odò Tó Wu Màmá

Ohun tó wu ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni, bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà wí. Ọ̀rọ̀ náà kò yé Mọ́rìnsọ́lá dáadáa, àfi ọjọ́ tó lọ dán iṣẹ́ ìmọ̀ràn ìrìn-àjò wò ní ọ́fíìsì Àǹtí Dúnní, tó ń bá àwọn èèyàn ṣètò ìrìn-àjò afẹ́ ní Òṣogbo. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá kóun fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀ fún un.

Ìyá arúgbó kan wọlé. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti ní kó mú ibi tó bá wù ú láyé, àwọn á rán an lọ. Ni Mọ́rìnsọ́lá bá bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn òkun aláwọ̀ aró àti iyanrìn tó funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Bó ṣe ń sọ ọ́ lojú rẹ̀ ń pa dé, àfi bíi pé omi ń gbé e lọ.

"Ọmọ mi," màmá rọra dá a dúró, "ibẹ̀ yẹn, ìwọ ló wù. Jẹ́bà ló wù mí. Etí odò Ọya ni wọ́n bí mi sí, ó sì ti tó àádọ́ta ọdún tí mo ti rí i kẹ́yìn."

Ojú ti Mọ́rìnsọ́lá. "Ẹ jọ̀ọ́ màmá, báwo ló ṣe máa ń rí láàárọ̀?"

Màmá sọ ti ìkùukùu, ti ọkọ̀ apẹja, ti rélùwéè tó ń dún lórí afárá. Mọ́rìnsọ́lá ń gbọ́, òkun tirẹ̀ sì ń yọ́ lọ lọ́kàn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tí màmá lọ tán, Àǹtí Dúnní bi í pé, "Ṣé iṣẹ́ yìí á bá ọ lára mu?"

Mọ́rìnsọ́lá ti gbé fóònù sétí. "Ẹ má bínú, Àǹtí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi àwọn onílé ìtura ní Jẹ́bà bóyá wọ́n ní yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sódò."