Ẹyin Tòlótòló Wúràọlá

Nígbà tí Tíṣà Ajíbọ́yẹ̀ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, òun àti Wúràọlá ìyàwó rẹ̀ padà sí ilé tí wọ́n kọ́ sí Òkè-Àgbọn. Iná ìjọba kì í dé ìlú náà àfi bó bá ṣèèṣì. Ìbídùn, ọmọ wọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ìgboro, ló bá wọn gbé sólà sórí òrùlé, ó sì ra bátìrì ńlá kan tí yóò máa tọ́jú agbára oòrùn pamọ́. Ó tún ra kọ̀ǹpútà fún bàbá rẹ̀, nítorí Tíṣà ti pinnu pé òun yóò kọ ìtàn ìlú náà láti orí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ dó.

Ní ti Wúràọlá, tòlótòló ló wà lọ́kàn tirẹ̀. Àìsàn ti wọ ọgbà rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ó sì gbá gbogbo ẹyẹ rẹ̀ lọ. Lọ́dún yìí, ó ṣa ẹyin jọ lọ́dọ̀ àwọn tó mọ̀, ó kó wọn sínú ẹ̀rọ ìpayin, àpótí oníná tó ń mú ẹyin móoru bí ìyá adìyẹ tó sàba. Òun fúnra rẹ̀ ló ń yí wọn. Bí àwọn wọ̀nyí kò bá pa, ó ti pinnu pé òun kò ní sin ẹyẹ mọ́ láyé òun.

Tíṣà mọ̀ pé bátìrì kan ṣoṣo ló ń bọ́ gbogbo ilé, ẹnu rẹ̀ kò sì sinmi. Wúràọlá kò gbọdọ̀ lọ aṣọ. Bí ìròyìn bá ti parí, ó gbọ́dọ̀ pa rédíò. Ìyá Káfílátù, aládùúgbò wọn, kò gbọdọ̀ gbé fóònù rẹ̀ wá síná mọ́.

"Ìyá Ìbídùn, ta ló tan gílóòbù yìí?"

"Èmi ni, Bàbá Ìbídùn. Mo ń ṣa ìrẹsì ni."

"O ń fi iná ṣa ìrẹsì lọ́sàn-án! Ṣé o fẹ́ pa bátìrì yìí ni?"

Kọ̀ǹpútà tirẹ̀ wá ńkọ́? Bí ó bá kọ̀wé tán, á tẹ bọ́tìnì abẹ́ ojú kọ̀ǹpútà, ojú náà á ṣú dùdù, á sì fi aṣọ léèsì funfun bo òun àti àpótí irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bí àwọn àgbà ti máa ń bo tẹlifíṣọ̀n. "Ó ti sùn," ni yóò wí, á dé fìlà, ó di ìta. Wúràọlá kì í fọwọ́ kan aṣọ náà. Ta ni yóò jí ohun tí Tíṣà bá ní kó sùn?

Ó ku díẹ̀ kí ẹyin pa ni òjò dé. Òjò àrọ̀ọ̀rọ̀dá ni, oòrùn kò yọjú rárá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Wúràọlá tẹ́tí sí ẹ̀rọ ìpayin, ó ń gbọ́ bí àwọn ọmọ tòlótòló ti ń ké wín-ín-wín-ín nínú èèpo. Ó ń rẹ́rìn-ín. Àfi bí bátìrì ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo: píì, píì, píì!

"Bàbá Ìbídùn! Ẹ gbà mí o! Kí ló ń jẹ iná yìí?"

Tíṣà sáré pa fìríìjì. Wúràọlá pa fáànù. Wọ́n pa gbogbo gílóòbù, wọ́n yọ fóònù, ó wá ku ẹ̀rọ ìpayin nìkan. Síbẹ̀ bátìrì kò dákẹ́.

"Ìyá Káfílátù ni!" Tíṣà pariwo. "Ó ti fa wáyà gba ẹ̀yìnkùlé wa!" Ó ti ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, ó fẹ́ lọ ká obìnrin olóbìnrin mọ́lé.

"Ẹ dúró ná. Ẹ gbọ́."

Òjò ti dáwọ́ dúró díẹ̀. Fáànù kò fẹ́, fìríìjì kò kùn mọ́, ilé sì ń pa rọ́rọ́ láàárín igbe bátìrì kan sí èkejì. Nǹkan kan ń mí nínú yàrá: fùù, fùù. Wúràọlá tọ ohùn náà dé ìdí tábìlì ọkọ rẹ̀, ó ṣí aṣọ léèsì. Ojú kọ̀ǹpútà dúdú kirikiri. Ó wá gbọ́wọ́ lé àpótí irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì já ọwọ́ gbà kíá. Ó gbóná bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀.

"Yéè! Bàbá Ìbídùn, nǹkan yín kò sùn o!"

"Irọ́ ni! Mo pa á. Ṣé o ò rí i pé ojú rẹ̀ ṣú ni?"

Kò tíì pa ẹnu dé tí bátìrì fi ké gbọọrọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí iná ẹ̀rọ ìpayin sì kú.

Wúràọlá sáré lọ kúnlẹ̀ ti ẹ̀rọ ìpayin. Lọ́jọ́ tí àìsàn pa ẹyẹ rẹ̀, ó sunkún kíkorò. Lọ́jọ́ yìí kò rí ẹkún sun. Gbogbo iná tí wọ́n ti ń fi dù ú, ohun tó ń jẹ ẹ́ rèé lábẹ́ aṣọ funfun! Lójijì ó fò dìde, ó kó àwọn ẹyin náà, ó tò wọ́n sórí àpótí gbígbóná náà.

"Ẹni tó jẹ oúnjẹ wọn ni kó sàba lé wọn," ó wí.

Tíṣà tan fìtílà, ó kúnlẹ̀, ó gbé e sún mọ́ ẹyin. Ṣùgbọ́n irin kì í ṣe ìyá ẹyẹ. Kò pẹ́ tó fi tutù. Igbe inú èèpo ń dín kù, ó ń dín kù, títí Wúràọlá kò fi gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Tíṣà pe Ìbídùn lórí fóònù, ó rò ó fún un.

"Bàbá, bọ́tìnì tẹ́ ẹ̀ ń tẹ̀ yẹn, ojú rẹ̀ nìkan ló ń pa," ni Ìbídùn wí. "Àpótí irin yẹn gan-an ni kọ̀ǹpútà. Ẹ gbọ́dọ̀ pa òun náà, kẹ́ ẹ wá yọ wáyà rẹ̀ lára iná. Àbí láti ìgbà tí mo ti rà á, ẹ ò tíì pa á rí ni?"

Fóònù yọ bọ́ lọ́wọ́ Tíṣà.

Nígbà tí Ìyá Káfílátù wá bá wọn kẹ́dùn, ó bi wọ́n léèrè ohun tó pa ẹyin. Wúràọlá kò wo ojú ọkọ rẹ̀. Ojú kọ̀ǹpútà ló ń wò bó ti ń fèsì. Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ tó sọ ti wà láyé kí kọ̀ǹpútà tó dé. Àwọn ará Òkè-Àgbọn kò bá wọn jiyàn, ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹnu Wúràọlá ni àwọn ti gbọ́ ọ. Ohun tó sì mú kí àgbà ibẹ̀ máa pa á lówe títí dòní nìyí, pé gbogbo ẹni tó dijú kọ́ ló sùn.