Bí Ọgbà Ọ̀kọ̀ Ṣe Dé Ìlú Ìlọ̀yẹ̀

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó ń tòògbé kó fi omi bọ́jú, nítorí ọ̀rọ̀ Ọdẹ́níran kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbọ́sùn: Ọdẹ́níran ọmọ Akínṣọdẹ, ọmọ a-pẹfọ̀n-má-wẹ̀yìn, arúgbó ọdẹ ìlú Ìlọ̀yẹ̀.

Láyé ìgbà náà, ọ̀kọ̀ kúkúrú ni wọ́n ń mú rogun. Akíkanjú á dá jáde, á ki ara rẹ̀ ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá, á sì forí lé ọ̀tá. Wọ́n ní ojo ló ń fi èjìká ti èjìká ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, àwọn abàmì Igbó Àdáwà á ya lu ìlú: abara-èèyàn-orí-ẹfọ̀n, olójú-lórókùn tí ń fi ẹ̀yìn sáré, onírun gọ̀ọ̀rọ̀ tí èéfín ń jáde létí rẹ̀, àti Atẹ̀lúfọ́ olórí wọn, tí ilẹ̀ ń mì tìtì bó bá ń bọ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan làwọn ọdẹ ń jáde sí wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan náà ni wọ́n ń tẹ̀ wọ́n pa. Báyìí ni àbúrò Ọdẹ́níran méjèèjì ṣe kú, báyìí náà ni ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ṣe lọ. Agbo ilé ńlá wá di ti ẹnì kan. Bó bá sín, kò sẹ́ni tí yóò ní pẹ̀lẹ́.

Ó rò ó pé kíkúrú ọ̀kọ̀ ló ń pa wọ́n. Ó gé igi tó gùn bí ọ̀pẹ kékeré, alágbẹ̀dẹ fi irin sí i lẹ́nu, ó sì dá wọgbó lọ. Ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Ohùn ara rẹ̀ gan-an ń dẹ́rù bà á. Atẹ̀lúfọ́ yọ sí i.

“Arúgbó, ọ̀kọ̀ rẹ gùn ju ìran rẹ lọ! Ta ló kù tí yóò sin ọ́?”

“Ìwọ ni n ó kọ́kọ́ sin, ìwọ ẹran tó gbàgbé pé ẹran lòun!”

Ó fẹ́ gún un. Atẹ̀lúfọ́ yẹ̀ fún ẹnu irin, ó gba ẹ̀gbẹ́ igi wọlé tọ̀ ọ́, ó fi ìwo gbé e sọ sáàárín ọparun tí ìjì ti ṣẹ́, tí gbogbo ẹnu wọn ṣóńṣó síta. Nígbà tí Atẹ̀lúfọ́ rọ́ tẹ̀ lé e, ó yẹ̀ fún ẹnu ọparun kan, òmíràn gún un nímú. Ó yí ibẹ̀ po títí, kò rọ́nà, ó bú ramúramù, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọdẹ́níran dùbúlẹ̀ síbẹ̀, egungun ìhà rẹ̀ ti ṣẹ́. Ohun tó rí yé e: abàmì lè yẹ̀ fún ẹnu kan, kò lè yẹ̀ fún ọ̀pọ̀ tó wà pọ̀. Ó sì bú sẹ́kún. Ká ní àwọn àbúrò rẹ̀ wà lọ́tùn-ún ọmọ rẹ̀, ká ní òun náà wà lósì! Gbogbo wọn ló láyà, ẹ̀gbẹ́ wọn ló ṣófo.

Ó wọ́ra délé, ó sọ fún àwọn ọdẹ pé kí gbogbo wọn mú ọ̀kọ̀ gígùn, kí wọ́n sì jọ dúró ti ara wọn. Akínrìnmádé, olórí ọdẹ, rẹ́rìn-ín.

“Bàbá, ṣé ká tò bí igi ọgbà ni?”

“Bẹ́ẹ̀ ni. Ọgbà tó leyín.”

Àwọn ọdẹ gbà, ṣùgbọ́n ojú tì wọ́n níbẹ̀rẹ̀. Wọ́n tẹ ara wọn lẹ́sẹ̀, igi kọ́ igi, ọ̀pọ̀ ṣubú. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n mọ̀ pé kí ti ẹ̀yìn gbé ọ̀kọ̀ gba orí èjìká ti iwájú, kí asà awọ ẹfọ̀n ẹnì kan máa bo ẹ̀gbẹ́ ẹnì kejì, kí ẹsẹ̀ gbogbo wọn sì máa balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ̀ẹ̀rùn dé. “Èwo nínú yín ni n ó kọ́kọ́ tẹ̀?” ni Atẹ̀lúfọ́ bú. Kò sẹ́ni tó ki ara rẹ̀, kò sẹ́ni tó jáde. Akínrìnmádé ti fẹ́ gbé ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn.

“Má kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi,” ni Ọdẹ́níran sọ fún un jẹ́ẹ́.

Agbo abàmì rọ́ dé. Èyí tó bọ́ lọ́wọ́ ọ̀kọ̀ iwájú kó sẹ́nu ti ẹ̀yìn. Atẹ̀lúfọ́ yẹ̀ fún irin kan, òmíràn wọ̀ ọ́ láyà, ó ṣubú bí ìrókò. Àwọn yòókù fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Ìlú gbé Ọdẹ́níran sókè, wọ́n jó, wọ́n yọ̀. Nígbà tí ayọ̀ rọlẹ̀, oníkálukú kọrí sọ́dọ̀ aya àti ọmọ. Arúgbó náà gbé ọ̀kọ̀ kọ́ èjìká, ó forí lé ilé tí kò sẹ́nìkan. Kò tíì rìn jìnnà tí Akínrìnmádé fi sáré bá a.

“Bàbá, láti ìgbà tẹ́ ẹ ti kúrò níbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ mi ti tutù. Ẹ jọ̀ọ́, ilé wa lẹ ó ti jẹun.”

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ mi, igi kan kì í dágbó ṣe. Ẹni tó dá wà ládùúgbò yín, ẹ má dúró dìgbà tí ogun bá dé kẹ́ ẹ tó mọ orúkọ rẹ̀. Ibi tí ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ mi rìn dé nìyẹn.