Ẹyin Adìẹ Láníhùn

Adìẹ mẹ́sàn-án ni Láníhùn ń sìn, òun nìkan ló sì ń jẹ gbogbo ẹyin wọn. Ẹ̀kọ lásán làwọn ọmọ rẹ̀ ń mu. Ó ní ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin yóò ya olè. Irọ́ gbáà! Ọ̀kánjúwà ló ń fọhùn.

Nígbà ìkórè, ó gbé apẹ̀rẹ̀ iṣu ru Mosúnmọ́lá, ọmọ rẹ̀ obìnrin. Orúnkún ọmọ yẹ̀, ó ṣubú lulẹ̀.

"Ọ̀lẹ!" ni bàbá pariwo.

Ìyá ọmọ wọ́ apẹ̀rẹ̀ náà wá síwájú ọkọ rẹ̀. "Bàbá Mosún, ẹyin tó yẹ kó di agbára lára ọmọ yìí, inú yín ló wà. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ẹ bẹ̀rẹ̀, kí n gbé e rù yín."