Orúkọ Oyè Àwòrán Ọba

Inú bí ọba tuntun: wọ́n ti fi àwòrán rẹ̀ sórí ìkànnì ìlú tí Mọrẹ́nikẹ́ fi èdè kọ̀ǹpútà Java kọ, ṣùgbọ́n ti ọba tó wàjà, tí fóònù aráàlú ti tọ́jú pamọ́, ló ṣì ń yọjú. "Kí n tó jáde sáwọn àlejò, kó kúrò lórí gbogbo fóònù, láìfọwọ́ kan ti ẹnikẹ́ni, àbí kó o wábi gbà!" Mọrẹ́nikẹ́ kúnlẹ̀, ó ṣí kọ̀ǹpútà, ó fún àwòrán tuntun, tó ń jẹ́ orúkọ ti àtijọ́, ní orúkọ mìíràn. Àwọn fóònù kò gbọ́ orúkọ yẹn rí, kíá ni wọ́n lọ gbé àwòrán tuntun wá. Ọba rí ara rẹ̀ lórí fóònù olorì, ó rẹ́rìn-ín: "Kí lo ṣe?" "Ohun táwọn afọbajẹ ṣe ni, Kábíyèsí. Wọ́n fún yín lórúkọ oyè, àwọn tó mọ̀ yín sí Múfú wá ń kí yín bí ẹni tí wọn ò rí rí."