Garawa Oyin àti Ọ̀rọ̀ Méjì

Ọkùnrin kan wà tó ń sin oyin nínú oko kòkó rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, òun wà nínú àgbàlá. Ìyá rẹ̀ wà lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wà nínú yàrá, ó ń di ẹrù. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama, ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ni, ọlidé ló bọ̀. Kò sí ẹlòmíràn àfi àwọn adìyẹ.

Garawa oyin kan ló dá ìjà sílẹ̀. Ogún ìgò ló ń gbà, ó sì kún dé ẹnu. Ìyá ti ṣèlérí rẹ̀ fún àwọn ẹbí rẹ̀ tó fẹ́ sọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ó ti orí ìṣáná bọ inú oyin, ó ṣá a, ìṣáná kò gbiná. Ó dán an wò lẹ́ẹ̀mẹta. Omi wà nínú oyin.

Ìyàwó kò jiyàn. Ó ní òun yọ̀ ṣubú létí odò nígbà tí òun ń ru garawa náà bọ̀ láti oko. Díẹ̀ dànù, ẹ̀rù sì ba òun, ni òun bá fi ìgò tí òun fi ń mu omi bu omi odò kún un. Ìgò mẹ́rin.

Ìyá rẹ́rìn-ín. "Mẹ́rin kẹ̀? Ẹni tó bá jẹ́wọ́ mẹ́rin ti kó mẹ́wàá. Ìdajì oyin ọmọ mi ló ti dé ilé ìyá rẹ!"

"Ẹ jọ̀ọ́, Màámi, mẹ́rin ni."

Ọkùnrin náà wo ìyá rẹ̀, ó wo ìyàwó rẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni obìnrin yìí ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀, kò ká irọ́ mọ́ ọn lẹ́nu rí. Ṣùgbọ́n ìyá ni ìyá. Ó ní kí ìyàwó òun lọ di ẹrù rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí ọmọ ilé ìwé fi wọlé. Kò tíì sọ àpótí rẹ̀ kalẹ̀ tó fi béèrè ohun tó dé.

"Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ ló bomi la oyin," ni ìyá wí.

"Ìgò omi mélòó?"

Ẹ̀gbọ́n bàbá wọn bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀mọ̀wé! Wọ inú garawa lọ, kí o kà á wá."

Ọmọ náà kò bínú. Ó ní kí wọ́n gbé garawa náà lọ sórí òṣùwọ̀n kòkó tó wà níta. Ó wọn garawa òfìfo kan bíi rẹ̀, ó yọ ìyẹn kúrò. Ó wọn omi ìgò kan, ó wọn ojúlówó oyin ìgò kan tó ṣẹ́kù nínú ilé. Ó ní bí a bá pe ìwúwo omi ìgò kan ní mẹ́wàá, ti oyin jẹ́ mẹ́rìnlá, ohun tó wà nínú garawa sì jẹ́ igba ó lé mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Ó fi igi kọ ìlà méjì sílẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ wò ó. Oyin àti omi jẹ́ ogún ìgò. Ọ̀rọ̀ kan nìyí. Ṣùgbọ́n mẹ́wàá àti mẹ́wàá jẹ́ ogún. Méjìdínlógún àti méjì jẹ́ ogún. Ọ̀kàndínlógún àti ẹyọ kan pàápàá jẹ́ ogún. Tó bá jẹ́ òun nìkan la ní, kò sẹ́ni tí kò jàre."

Ó na igi sí ìlà kejì. "Ìwúwo nìyí. Ká ní oyin ni gbogbo rẹ̀, ì bá jẹ́ igba ó lé ọgọ́rin. Ó fi mẹ́rìndínlógún dín. Ìgò omi kọ̀ọ̀kan tó bá gba ipò oyin, mẹ́rin ló ń mú dín." Ó gbójú sókè. "Ìgò omi mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Kò lé, kò dín."

Orí ọkùnrin náà wú. Ẹni tí kò gbọ́ ohùn ìyàwó rẹ̀, tí kò tọ́ oyin náà wò, ló dárúkọ iye tí obìnrin náà fẹnu ara rẹ̀ dá. Adìyẹ kan fẹ́ rìn gba orí ìlà méjèèjì kọjá. Ọkùnrin náà yára lé e, bí ìgbà tí adìyẹ fẹ́ gun ẹní àdúrà.

"Ta ló sọ fún ọ?" ni ìyá béèrè.

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi, Màámi. Ọ̀rọ̀ méjì ló pàdé, ibi kan ṣoṣo ni wọ́n sì ti lè pàdé."

Ọkùnrin náà wọ yàrá lọ. Ìyàwó rẹ̀ ti gbé ẹrù karí. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ fún un.

"Ṣé ẹ ti wá gbà pé mẹ́rin ni?"

"Mẹ́rin ni. Má bínú."

Ìgbà náà ni obìnrin náà tó sunkún.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá gbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ọmọ ilé ìwé yẹn ló jẹ́ kí a mọ̀ pé, bí onítọ̀hún kò tilẹ̀ ní ìkà nínú, kò lè rí òótọ́: ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, gbogbo irọ́ ló lè bá a mu. Adéfioyè ọmọ mi, ìdí tí mo fi pa ìtàn yìí fún ọ nìyí: ọ̀rọ̀ ẹnu àbúrò rẹ nìkan ni ìwọ náà gbọ́ tí o fi ní kí ìyàwó rẹ máa lọ sílé bàbá rẹ̀ lọ́la. Dìde nísinsìnyí, lọ jókòó ti ìyàwó rẹ, kí o gbọ́ tirẹ̀ dé òpin, kí o tó tún bá mi sọ̀rọ̀.