Ìdí Tí Tàdáwà Kì í Fi Í Kúrò Lára Bébà

Nígbà láéláé, ní ilẹ̀ Jàpáànù, àwọn ohun èlò ayàwòrán máa ń dìde ṣiṣẹ́ fúnra wọn, ènìyàn kankan kì í dì wọ́n mú. Bébà funfun báláú nígbà náà, ṣùgbọ́n kì í gba nǹkan mọ́ra. Ohun tí ẹ bá yà sí i lára láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán á ti gbọ̀n ọ́n dànù bí ewé kókò ṣe ń da omi nù.

“Èmi? Kí n jẹ́ kí àbàwọ́n kàn mí lára? Ó tì o!” Bẹ́ẹ̀ ni Bébà máa ń wí.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí dùn jù ni Tàdáwà. Ọmọ igi páínì ni, igi eléwé tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́ tí kì í wọ́wé. Iná ló jó ìyá rẹ̀ kú. Dúdú èéfín tó ṣẹ́kù ni àwọn ará ibẹ̀ pò mọ́ gúlúù, tó gbẹ, tó le gbagidi, tó di Tàdáwà.

Ohun kan ṣoṣo ló ń fẹ́ láyé: kí àwòrán ìyá òun wà, kí ayé má baà gbàgbé rẹ̀. Lójoojúmọ́ ló ń fi ara lọ òkúta pẹ̀lú omi, bí a ti ń lọ osùn, tí Bàbá Búrọ́ọ̀ṣì onírùngbọ̀n á sì ya igi náà. Lójoojúmọ́ ni Bébà ń gbọ̀n ọ́n dànù. Ẹ sì wò ó, gbogbo ìgbà tí Tàdáwà bá fara lọ òkúta ló ń kúrú sí i. Ó kúrú títí, ó ku bí èékánná ọmọdé.

Ó bá lọ kúnlẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi Bébà, ẹ ṣàánú mi. Èyí ló kù lára mi. Bí ẹ bá tún gbọ̀n ọ́n dànù, èmi àti ìyá mi parẹ́ nìyẹn.”

Bébà rántí ìyá tirẹ̀ náà, igi tí wọ́n bó èèpo rẹ̀, tí wọ́n rẹ ẹ́ sómi tútù, tí wọ́n lù ú kí òun tó dáyé. Kò tíì ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ rí. Àánú ṣe é.

“Mo gbà. Ṣùgbọ́n má bò mí tán. Fi àyè funfun sílẹ̀ fún ìyá tèmi. Kí o sì mọ̀ pé ohun tí mo bá gbà lónìí, n kò ní dá a padà mọ́, ì báà dára, ì báà burú.”

“Mo gbà bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi.”

Tàdáwà fara lọ òkúta títí ó fi tán. Bàbá Búrọ́ọ̀ṣì ya ìdí igi, ó ya ẹ̀ka, ó ya ewé. Bó ṣe kù díẹ̀ kó parí, ara bàbá gbọ̀n. Ẹ̀kán Tàdáwà tó gbẹ̀yìn já bọ́ sí ẹsẹ̀ igi.

“Yéè! Mo ti bà á jẹ́! Bébà, jọ̀ọ́, gbọn èyí nìkan dànù!”

“Bàbá, ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́,” ni Bébà wí tẹkúntẹkún. “Mo ti ṣèlérí fún un.”

Wọ́n wá wò ó dáadáa. Igi ńlá náà dúró gbọin, ẹ̀kán kékeré yẹn sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, bí ọmọ tó jókòó ti ìyá rẹ̀. Bàbá Búrọ́ọ̀ṣì sorí kodò, ó ń sunkún.

Láti ọjọ́ náà ni tàdáwà kì í ti í kúrò lára bébà mọ́. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń sorí búrọ́ọ̀ṣì kodò bí iṣẹ́ bá parí. Àwọn ayàwòrán òde òní tó ṣì ń lo ohun èlò wọ̀nyí máa ń fi àyè funfun sílẹ̀. Bí ẹ̀kán kan bá sì ṣèèṣì já bọ́, wọn kì í bínú sí i. Ta ló mọ ọmọ ẹni tó ń wá ìyá rẹ̀ lọ?