Ẹnjinníà Tó Ya Máàpù Yìnyín

Ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kí ó máa wo ilẹ̀ òtútù láti òkè. Ẹnjinníà ni. Ọmọ Ìgbájọ ni, ṣùgbọ́n ìwé ló gbé e dé òpin ayé níhà àríwá, níbi tí òkun fúnra rẹ̀ ti máa ń di yìnyín, tí ènìyàn á máa fi ẹsẹ̀ rìn lórí rẹ̀, tí ọkọ̀ pàápàá á máa gbà á kọjá.

Ohun tí ó ń ṣe nìyí. Ó ṣe ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń so mọ́ abẹ́ bàálù. Bí bàálù bá ti ń fò, ẹ̀rọ náà á máa wọn bí yìnyín ṣe yọ sókè tó lórí omi. Wo pákó tó léfòó nínú odò: bí o bá mọ ìwọ̀n èyí tó yọ sókè, o lè ṣírò èyí tó wà lábẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń mọ bí yìnyín ṣe nípọn tó láì fi ẹsẹ̀ kàn án. Lẹ́yìn náà á ya máàpù. Ibi tó bá nípọn, á kùn ún ní búlúù. Ibi tó bá fẹ́lẹ́, á kùn ún ní pupa. Àwọn awakọ̀ tó ń gbé oúnjẹ àti aláìsàn kọjá lórí òkun náà, búlúù ni wọ́n ń tẹ̀ lé.

Ọdún mẹ́rìndínlógún ló fi ṣe é, ọkọ̀ kankan kò rì. Wọ́n fún un ní ìwé ẹ̀yẹ, wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ sára máàpù. Ó wá di pé bí awakọ̀ kan bá fẹ́ gbéra, kì í béèrè bóyá ọ̀nà dára mọ́. "Kí ni Ẹnjinníà wí?" ni yóò béèrè.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà nínú iṣẹ́ náà. Òjò dídì máa ń bọ́ sórí yìnyín, fúlẹ́fúlẹ́ bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Kò lè gbé ẹnikẹ́ni dúró. Ẹ̀rọ kò sì mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí yìnyín, gbogbo rẹ̀ ló ń kà pọ̀. Nítorí náà lọ́dọọdún ẹnìkan gbọ́dọ̀ lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá, kí ó wọn òjò dídì, kí wọ́n lè yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò. Òtútù iṣẹ́ ọ̀hún pọ̀, ó sì ń sú ni. Ọdún kan dé, ẹnjinníà ní kí wọ́n má wulẹ̀ lọ. Ó mú ìwọ̀n ti èṣí, ó fi ṣírò, ó ya máàpù, ó fi ránṣẹ́.

"Òjò dídì kì í ṣe àlejò," ló wí. "Bó ṣe ń wá náà ni yóò wá."

Ọdún yẹn gan-an ló wá ní ìlọ́po mẹ́ta.

Kò pẹ́ tí iṣẹ́ kan fi gbé ẹnjinníà fúnra rẹ̀ lọ sórí òkun yìnyín náà. Bàbá àgbàlagbà kan tí wọ́n bí sórí ilẹ̀ òtútù náà ló ń wa ọkọ̀ tó gbé e. Nígbà tí wọ́n dé etí ibi tí máàpù kùn ní búlúù, bàbá náà pa ọkọ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ó fa ọ̀pá irin kan yọ.

"Bàbá, kí lẹ tún ń wá?"

"Mò ń kan ilẹ̀kùn kí n tó wọlé."

"Ibí yìí nípọn ju mítà méjì lọ, Bàbá. Èmi ni mo wọ̀n ọ́n."

"Ìwọ ni o wọ̀n ọ́n lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀run lo wà. Èmi, ilẹ̀ ni mo máa ń rìn."

Ó ti ọ̀pá bọlẹ̀. Ọ̀pá náà wọ inú òjò dídì jìn tó ìbàdí ènìyàn. Lẹ́yìn náà ó kan yìnyín, bàbá náà sì gún un. Kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan lọ tí omi fi tú jáde.

"Aṣọ ló pọ̀ lára rẹ̀," bàbá náà wí. "Kò sí ẹran ara."

Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Òjò dídì tó pọ̀ ti bo òkun bí kúbùsù, kò jẹ́ kí òtútù dé ọ̀dọ̀ omi kí ó dì dáadáa. Ibi tó ga jù lójú ẹ̀rọ ni kò lágbára jù.

Ẹnjinníà wo aago. Ọkọ̀ méjì ń bọ̀ láti òdìkejì ní wákàtí yẹn. Ènìyàn méje ló wà nínú wọn. Ọ̀kan jẹ́ aboyún tí wọ́n ń gbé lọ sí ilé ìwòsàn. Obìnrin tó ṣáájú wọn, ẹnjinníà yìí ló kọ́ ọ níṣẹ́. Máàpù rẹ̀ ni wọ́n mú lọ́wọ́.

Ó gbé rédíò. Gbogbo awakọ̀ agbègbè náà ló ń gbọ́ rédíò yìí, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ fi í ṣe olórí gbogbo ibiṣẹ́.

"Ẹ dúró níbi tí ẹ wà," ló wí. "Ìjì ń bọ̀."

"Ìjì kẹ̀, sà?" obìnrin náà dáhùn. "Oòrùn ló ń ràn níbí. Bó bá jẹ́ ìjì ni, a óò kúkú sáré kọjá kó tó dé. Búlúù ló wà níwájú wa."

Ó sì gbọ́ tí ohùn ẹ́ńjìnnì wọn lọ sókè.

Bàbá náà ń nu omi lára ọ̀pá rẹ̀.

Ẹnjinníà tún tẹ rédíò. "Má sáré! Dúró! Kò sí ìjì, irọ́ ni mo pa. Máàpù mi ni kò tọ̀nà. N kò wọn òjò dídì ọdún yìí, ti èṣí ni mo lò. Búlúù tó wà níwájú yín yẹn, omi ni. Èmi ni mo ṣe é. Ẹ má tẹ̀ lé e mọ́."

Ohùn ẹ́ńjìnnì wọn wálẹ̀. Obìnrin náà dáhùn. "A ti dúró, sà."

Lẹ́yìn náà ni ohùn mìíràn wọlé, ohùn ọkùnrin kan tí ẹnjinníà kò mọ̀ rí. "Èmi náà ti dúró." Òmíràn tún tẹ̀ lé e. "Èmi náà."

Wọ́n gba ọ̀nà etíkun, ọ̀nà tó jìn. Aboyún náà bímọ sínú ọkọ̀ kí wọ́n tó dé, tìyátọmọ sì yè. Wọ́n yọ orúkọ ẹnjinníà kúrò lára máàpù, ẹlòmíràn ni wọ́n fi ṣe olórí. Nígbà tí ọdún yí po, òun fúnra rẹ̀ ló gbé ọ̀pá lọ.

Arábìnrin mi, ìwọ kì í ṣe ẹnjinníà, èmi náà kọ́. Ṣùgbọ́n o ti pẹ́ nínú ìjọ, bí o bá sọ̀rọ̀, àwọn ènìyàn ń gbé ẹsẹ̀ lé e. O sọ nípa ìyàwó kan pé òun ló ń tú ilé ọkọ rẹ̀ ká. O kò dé ilé náà wò. Ohun tí o mọ̀ nípa ìyá rẹ̀ láyé àtijọ́ lo fi ṣírò ọmọ. Nísinsìnyí o ti mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀, mo sì gbọ́ tí o ń sọ fún àwọn obìnrin pé, "Ẹ jẹ́ ká máa rántí rẹ̀ nínú àdúrà." Àdúrà dára. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbọ́ ìyẹn, ohun tí wọ́n rò ni pé ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ burú ju bí o ti sọ ọ́ lọ.

Àwọn tó gba ọ̀rọ̀ rẹ gbọ́, àwọn tí o mọ̀ nínú wọn kò tó ìdajì. Ojú á tì ọ́, n kò ní tàn ọ́. Síbẹ̀ sọ ọ́, pé ìwọ lo sọ ọ́ àti pé o kò wádìí. Sọ ọ́ níbi tí o ti sọ tàkọ́kọ́, kí ohùn rẹ sì ròkè bí ti ọjọ́ náà. Ọ̀la ni ìpàdé àwọn obìnrin. Dìde kí wọ́n tó kọ orin ìparí.